Bàtà Méjìlá, Aṣọ Mọ́kànlá

Ká sọ tòótọ́, kò sí ẹni tó mọ bàtà sátíìnì í tọ́jú tó Ìyá Oníbàtà. Ogún ọdún ló ti fi jókòó sórí àpótí kan náà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ijó, korobá omi tútù lọ́tùn-ún, búrọ́ọ̀ṣì lósì. Àwọn ọmọge oníjó lè máa fò sókè bí ẹyẹ, Màdáàmù tó ni ẹgbẹ́ lè máa pàṣẹ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n bàtà tí wọ́n fi ń dúró ṣánṣán lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

“Sátíìnì kì í ṣe ẹgbẹ́ aṣọ yòókù,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fi agbára nu sátíìnì wò, kó o rí bó ṣe máa dójú tì ọ́.”

Kò parọ́ níbẹ̀. Bàtà oníjó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rì sómi. Orí rẹ̀ tó le bíi pákó yẹn, aṣọ àti lẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìpele ìpele. Bómi bá wọ̀ ọ́, á rọ̀ bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì, ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ á sì yẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ funfun tó rin díẹ̀ ni wọ́n fi ń nù ún, bí fọ́nrán rẹ̀ bá ṣe tò ni ọwọ́ ń tẹ̀ lé e, ọṣẹ ò sì gbọdọ̀ ju èyí tó lè jókòó sórí èékánná lọ. Bébà funfun ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kó má baà súnkì, kì í ṣe ìwé ìròyìn, torí tàdáwà a máa ràn. Ibi tí atẹ́gùn wà tí oòrùn ò dé ni wọ́n ń gbé e sí. Tó bá wá kan ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ lára ẹni tó ń fi ọmọ ìka dúró, omi tútù ni, omi tútù nìkan.

“Ẹ̀jẹ̀ àti omi gbígbóná,” Ìyá Oníbàtà á ní, “tí wọ́n bá ti fojú kan ara wọn lórí sátíìnì, ìgbéyàwó ti parí nìyẹn. Kò sí ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀.”

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìmọ́tótó ni àwọn oníjó ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí kò sí níbòmíràn. Ní Sátidé, tí ìdánrawò bá parí, oníkálukú á kó bàtà rẹ̀ lé Ìyá Oníbàtà lọ́wọ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á wọlé wá bá pẹpẹ onígi kan tó ní ihò méjìlá, ihò kan fún ẹnì kan. Ẹni tó bá bá bàtà rẹ̀ tó ń dán, tí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ ti rí áyọ́ọ̀nù, tí wọ́n ká a sínú bàtà, onítọ̀hún á wọ̀ ọ́, á lọ tò sórí ìlà. Ẹni tó bá bá tirẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀, tòun ti ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti tán fún un nìyẹn. Á gbé báàgì rẹ̀, á máa lọ. Kò sí lẹ́tà, kò sí àlàyé, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè. Inú Màdáàmù máa ń dùn sí àṣà yìí gan-an ni.

“Mi ò lé ẹnikẹ́ni rí láyé mi,” á wí, á fọwọ́ lé àyà. “Bàtà ló ń lé wọn.”

Ta wá ni ọwọ́ bàtà? Ìyá Oníbàtà ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Màdáàmù á yọjú sí yàrá kékeré náà, á dárúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ, bí ẹnì kan bá wà, á padà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Ìyá Oníbàtà á dúró ti pẹpẹ, á kọjú sí fèrèsé kí ojú má baà pàdé ojú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn á ní, “Ó dàbọ̀, Ìyá Oníbàtà,” òun náà á dá fèrèsé lóhùn pé, “Máa lọ ire.” Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ó máa ń dùn ún, ẹ má gbà á gbọ́. Ó máa ń dùn mọ́ ọn ni. Nítorí ihò méjìlá yẹn, kò fowó ra ọṣẹ ìwẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́, àwọn ọmọge ló ń rà á wá, wọ́n á kúnlẹ̀ kí wọ́n tó fún un. Ó ń gbà á pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú àwọn méjìlá tí kì í kó nǹkan wá bá a, torí ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ìrìn rẹ̀. Ó lè wọ yàrá kó tún jáde kí o má mọ̀ pé ẹnì kan wọlé. Ọmọ àbúrò Ìyá Oníbàtà ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò sì pe ẹlòmíràn ní “Màámi” rí. Nínú gbọ̀ngàn pàápàá, níbi tí gbogbo ayé ti ń pè é ní Ìyá Oníbàtà, “Màámi” ni Jẹ́jẹ́ ń pè é, àwọn kan a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Oníbàtà fẹ́ràn ọmọ yìí, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kì í jáde lẹ́nu ni. Kò yìn ín rí. Ẹran tó bá kéré jù nínú ọbẹ̀ ni tirẹ̀. Bàtà rẹ̀ ló sì máa ń fọ̀ kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń ṣojúsàájú. Láti ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ ti wọ ẹgbẹ́ ló ti kìlọ̀ fún un.

“Tó bá kàn ọ́ lọ́jọ́ kan, má bi mí, má bẹ̀ mí, má sunkún lójú mi. A kì í béèrè. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Màámi.”

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, wọ́n pe ẹgbẹ́ náà sí ìrìn àjò ọlọ́dún kan, ìlú dé ìlú, gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Láti ọmọ ọdún méje ni Jẹ́jẹ́ ti ń retí irú rẹ̀. Àmọ́ aṣọ tí télọ̀ gé kò tó. Mọ́kànlá ló rán, Màdáàmù sì ní òun ò ní ra òmíràn kún un. Oníjó méjìlá, aṣọ mọ́kànlá: kò gba kí èèyàn lọ sí ilé ìwé kó tó mọ̀ pé ẹnì kan máa dúró sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni oorun ò fi kun Ìyá Oníbàtà, torí ó ti rí i pé Jẹ́jẹ́ ń tiro. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ṣí, ó ń fi aṣọ dì í, ó ń jó lọ bẹ́ẹ̀. Tí Màdáàmù bá fi lè rí i, ó parí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ṣáájú ìrìn àjò náà, Màdáàmù yọjú. Ìyá Oníbàtà di korobá rẹ̀ mú.

“Ẹlẹ́rìn-ín,” Màdáàmù wí, ó sì ti ilẹ̀kùn padà.

Ẹlẹ́rìn-ín! Inú kì í dùn ká pa á mọ́ra, Ìyá Oníbàtà bú sórin. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú ẹgbẹ́, tí kò mú ọṣẹ kan ṣoṣo wá rí! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, ó bá Ìyá Oníbàtà níbi tó ti ń bá bàtà sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, ṣé bàtà náà ń dá yín lóhùn ni?” Gbogbo gbọ̀ngàn ló bá a rẹ́rìn-ín, Jẹ́jẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín yẹn ti há sí Ìyá Oníbàtà lọ́fun bí eegun ẹja.

Ó mú bàtà Ẹlẹ́rìn-ín jáde nínú àpò rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro. Bàtà náà mọ́. Ọmọ burúkú yìí máa ń nu bàtà rẹ̀ kó tó kó o wá. Ẹni tó bá bá irú bàtà yìí láàárọ̀ Mọ́ńdè, ṣé á mọ̀ pé wọ́n ti lé òun? Ìyá Oníbàtà ronú, ó sì dìde. Ó lọ sínú gbọ̀ngàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà náà ra ilẹ̀, ó ra iwájú, ó ra ẹ̀gbẹ́, ó padà wá sí yàrá, ó gbé e sókè lójú iná, ó rí ibì kan tí kò tíì dọ̀tí, ó tún lọ. Ẹni tó fi ogún ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ erùpẹ̀ lára sátíìnì ló fi wákàtí kan gbáko kó erùpẹ̀ sí i lára. Ó ń kọrin bó ṣe ń ṣe é. Àwọn àgbà ní ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀, wọn ò ṣáà sọ pé eérú lè ṣìnà, kó lọ bá ọmọ ẹni nílé.

Nígbà tó fi máa fọ bàtà mẹ́wàá yòókù tán, baba tó ń ṣọ́ géètì ti ń mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá, mo fẹ́ ti géètì o!”

“Ó ku ẹyọ kan!”

Bàtà Jẹ́jẹ́ ló kù. Ó yí ti ọ̀tún padà, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ lórí rẹ̀, àmì kan tó tó èékánná àtàǹpàkò. Ó wo korobá, omi inú rẹ̀ ti dúdú. Ẹ̀rọ omi wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, baba géètì sì tún mi kọ́kọ́rọ́. Kẹ́tùlù tí ó fi se omi tíì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dà sórí aṣọ. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Lójú rẹ̀ báyìí ni àmì náà ṣe yí padà, tó di àwọ̀ igi, tó sì jókòó.

Ó rí i. Èyí ni kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí òun náà máa gbọ́ ọ títí: ó rí i. Ká ní bàtà ẹlòmíràn ni, á ti lé baba géètì lọ, á ti sáré pọn omi, á ti fi ọṣẹ àti iyọ̀ jókòó tì í títí. Ṣùgbọ́n ti Jẹ́jẹ́ ni. “Tèmi ni,” ó wí fún bàtà náà. “Tèmi á fara mọ́ ọn.” Kò lọ ríbọ́ọ̀nù rẹ̀, kò ki bébà sínú rẹ̀. Ó tì í sínú ihò rẹ̀, ó wọ slípáàsì rẹ̀, ó lọ.

Ní Sọ́ńdè, ayọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àga ìdáná, ó ń fi omi iyọ̀ wẹ ẹsẹ̀, ó ń wò ó.

“Màámi, ṣé ẹnì kan wà lọ́sẹ̀ yìí?”

“Kí ni mo sọ fún ọ? A kì í béèrè.” Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bu oúnjẹ fún ọmọ náà, ó sì mú ẹran tó tóbi jù lọ nínú ìkòkò, ó gbé e lé e. Jẹ́jẹ́ wo ẹran náà, ó wo ìyá rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Mọ́ńdè dé. Ìyá Oníbàtà dúró síbi tó máa ń dúró sí, ó kọjú sí fèrèsé, ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó ń retí ohùn kan. Ó fẹ́ gbọ́ bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe máa ń sunkún, torí ó ti gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọge ń wọlé, ẹsẹ̀ wọn ń dún lórí pákó, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, tó sì padé. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Kò gbọ́ “ó dàbọ̀” náà.

“Aláìlẹ́kọ̀ọ́,” ó wí nínú ara rẹ̀. Ó wá gbé ohùn sókè, kí èyí tó ń lọ náà lè gbọ́ ọ dé ìta. “Máa lọ ire!”

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti bú jáde.

“Háà, Ìyá Oníbàtà, ta lẹ ń kí? Ẹ sì gbàgbé bàtà tèmi! Ó dáa, kò burú, ẹ fún mi ní aṣọ yín.”

Kó tó yíjú, Ẹlẹ́rìn-ín ti fa aṣọ ìnubàtà kúrò lórí èjìká rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín gbogbo wọn, ó ta omi díẹ̀ sí aṣọ láti inú ìgò rẹ̀, ó nu bàtà náà. Erùpẹ̀ gbígbẹ lásán ni, kò gbà ju ìnù mẹ́ta lọ. Ogún ọdún, kò sí ẹni tó ronú kan ìyẹn rí. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó so ríbọ́ọ̀nù, ó lọ dúró sórí ìlà. Títí dòní, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó mọ ìtumọ̀ ìdọ̀tí yẹn tàbí kò mọ̀. Àwọn yòókù ń wo Màdáàmù, Màdáàmù ń wo Ẹlẹ́rìn-ín, Ìyá Oníbàtà sì ń wo ihò tó wà lápá ẹnu ọ̀nà. Bàtà kan wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò mú. Àmì aláwọ̀ igi náà kọjú síta.

Màdáàmù pàtẹ́wọ́, ijó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Oníbàtà sáré bá a lẹ́bàá dígí.

“Màdáàmù, àṣìṣe ni. Jẹ́jẹ́ kọ́ lẹ dárúkọ.”

“Mo mọ ẹni tí mo dárúkọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sáré pè é padà. Ẹ bá mi lé ìyẹn. Ẹ kàn sọ fún un pé kó máa lọ.”

“Èmi? Kí n lé èèyàn?” Màdáàmù fọwọ́ lé àyà. “Ìyá Oníbàtà, ẹ bá mi ka àwọn ọmọ yẹn.”

“Màdáàmù, ẹ ṣàánú mi.”

“Ẹ kà wọ́n.”

Ó kà wọ́n. Mọ́kànlá ni.

“Mọ́kànlá ni mo fẹ́, mọ́kànlá ni mo ní. Aṣọ á kárí.” Màdáàmù ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ló ń wò bó ṣe ń yí. “Ó sì ti tó ogún ọdún tí mo ti ń retí ọmọ kan tó máa fọ bàtà ara rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé báàgì tí wọ́n ń lọ. Tiyín náà gbé báàgì, ó lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, àbí?”

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Òun ló ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun pàṣán náà lóróró láti ogún ọdún. Ó bọ́ sí ìta láìwọ slípáàsì.

Ó bá Jẹ́jẹ́ nínú yàrá wọn nílé, ó ń ká aṣọ sínú àpótí kékeré. Kò sunkún. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ sunkún.

“Jẹ́jẹ́, gbọ́ mi. Ìwọ kọ́. Ìwọ kọ́ rárá! Ẹlẹ́rìn-ín ni Màdáàmù dárúkọ. Omi gbígbóná ni mo fi nù ún, mo ń kánjú ni.”

Jẹ́jẹ́ dúró. Ó ń wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó dọ̀tí. “Ẹ gbé ẹran ńlá fún mi lánàá. Ẹ ò fún mi nírú ẹ̀ rí. Mo ní, háà, ẹran ìdágbére nìyí.”

“Inú mi ló dùn! Inú mi dùn pé kì í ṣe ìwọ ni!”

“Ẹ tún ní kí n máa lọ ire. Mo ti dé ìta, mo dúró, mo ní bóyá ẹ máa pè mí. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn.”

“Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni. Mi ò wẹ̀yìn.”

“Ẹ kì í wẹ̀yìn.” Ọmọ náà pa àpótí dé. “Ẹ jẹ́ kí n béèrè ẹyọ kan, torí mi ò béèrè nǹkan rí. Kí ẹ tó gbé bàtà náà sínú ihò, ṣé ẹ rí àmì yẹn?”

Ìyá Oníbàtà lè parọ́. Ká ní ó parọ́, bóyá ibi tí ọ̀rọ̀ máa dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn bàtà ni, kò sì parọ́ lórí bàtà rí.

“Mo rí i. Mo ní tèmi ni ọ́. Mo ní wàá fara mọ́ ọn.”

“Nínú àwọn mọ́kànlá yòókù, ta lẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún?”

Ìyá Oníbàtà wá orúkọ kan, kò rí. Kódà Ẹlẹ́rìn-ín, wákàtí kan gbáko ló fi jókòó ti bàtà rẹ̀.

“Lọ́la, mo máa bẹ Màdáàmù,” ó wí. “Mo máa kúnlẹ̀. Mo máa fi owó ara mi ra aṣọ, kí télọ̀ rán ìkejìlá.”

“Aṣọ kọ́ ló dùn mí.”

Jẹ́jẹ́ gbé àpótí rẹ̀. Ilé àwọn èèyàn bàbá rẹ̀ ló ń lọ, àwọn tí kò rí láti kékeré. Ó ń tiro, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún lórí ilẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó sì fi orúnkún kanlẹ̀ díẹ̀, bí gbogbo àwọn ọmọge wọ̀nyẹn ṣe máa ń ṣe.

“Ó dàbọ̀, Ìyá Oníbàtà.”

Ogún ọdún ni obìnrin náà ti ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn. Ó la ẹnu, ó ń wo ọmọ náà lójú, kò sì rí i sọ.